Bí Ó Bá Tún Padà Síbẹ̀ Ńkọ́?

Ìbéèrè kan wà tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, ní Baltimore tí mò ń gbé báyìí àti ní Ìbàdàn tí wọ́n ti bí mi. Bí a bá gba ẹni tó lo oògùn olóró ní àlòjù là lónìí, tó bá tún padà síbẹ̀ lọ́la ńkọ́? Àwọn tó ń béèrè ẹ̀ kì í ṣe ìkà. Òmíràn nínú wọn jẹ́ ìyá tó ti sunkún ọmọ títí omi ojú fi gbẹ. Òmíràn jẹ́ òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì tó ti gbé ẹnì kan náà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe fẹ́ fọwọ́ rọ́ ìbéèrè náà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká jókòó tì í, ká tú u wò.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Morphine, heroin, codeine, tramadol àti fentanyl, ẹbí kan ni gbogbo wọn. Opioid ni orúkọ ẹbí náà, iṣẹ́ wọn sì ni láti pa ìrora. Nínú ọpọlọ wa, àwọn ibì kan wà tó dà bí àgádágodo. Opioid ni kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí i. Bó bá ṣí i díẹ̀, ìrora á lọ, ọkàn á balẹ̀. Ṣùgbọ́n irú àgádágodo yìí kan náà wà níbi tí ọpọlọ ti ń darí èémí. Bí kọ́kọ́rọ́ bá pọ̀ jù níbẹ̀, èémí á máa lọ́ra, á máa jìnnà síra, títí á fi dúró. Ẹni tí irú ikú yìí bá ń pa kì í pariwo. Ẹni tó wà nínú yàrá kejì á rò pé ó ń hanrun ni. Fentanyl ló wá sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá, torí agbára ẹ̀ tó ìlọ́po 50 ti heroin. Èyí tó kéré bí ìyẹ̀fun orí èékánná ti tó pa èèyàn. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2022 nìkan, ó lé ní 100,000 èèyàn tí àlòjù oògùn pa, opioid ló sì wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Naloxone náà jẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ó wọ inú àgádágodo yẹn ju opioid lọ, ṣùgbọ́n kì í yí. Á ti èyí tó bá níbẹ̀ jáde, á jókòó sáàyè ẹ̀, ọpọlọ á sì tún rántí pé ó yẹ kí èèyàn mí. Ní ọdún 1961 ni Jack Fishman àti Mozes Lewenstein gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí ẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọdún 1971. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ dókítà àti òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì ló wà. Ní ọdún 1996, ẹgbẹ́ kan ní Chicago tó ń jẹ́ Chicago Recovery Alliance bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó ń lo heroin fúnra wọn, torí pé àwọn ló máa ń wà níbẹ̀ nígbà tí ẹnì kejì wọn bá ṣubú. Èyí tí wọ́n ń fọ́n sí imú dé ní ọdún 2015, ní ọdún 2023 sì ni wọ́n gbà kí ẹnikẹ́ni rà á láìgba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Bí ẹ bá fọ́n ọn sí ẹni tí kò ní opioid lára nímú, kò ní ṣe é ní nǹkan kan.

Ó yẹ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, torí ìmọ̀ tí kò ná wa ju ìṣẹ́jú méjì lọ ni. Bí ẹ bá rí ẹni tó dákú, tí ètè ẹ̀ ti ń dúdú tàbí tó ti rí bí eérú, tí ọmọ ẹyinjú ẹ̀ ti kéré bí orí abẹ́rẹ́, tí kò mí dáadáa tàbí tó ń hanrun bí ẹni tí omi há lọ́fun, ẹ pariwo pè é, ẹ fi egungun ìka yín ha á láyà kíkankíkan. Bí kò bá dáhùn, ẹ pe àwọn onípàjáwìrì: 911 ní Amẹ́ríkà, 112 ní Nàìjíríà. Ẹ gbé orí ẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ki ẹnu ike naloxone náà bọ ihò imú kan, ẹ tẹ ìdí ẹ̀. Ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Bí ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta bá kọjá tí kò tíì mí, ẹ lo ìkejì ní ihò imú kejì. Bó bá ti ń mí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má baà há a lọ́fun. Kẹ́ ẹ sì dúró tì í. Ìṣẹ́jú 30 sí 90 ni agbára naloxone máa ń lò, opioid tó wà lára ẹ̀ sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, kó tún dá a dùbúlẹ̀ padà.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè wa.

Ní ọdún 2016, gómìnà ìpínlẹ̀ Maine nígbà náà, Paul LePage, kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin tó fẹ́ kí àwọn apoògùn máa ta naloxone láìgba ìwé dókítà. Ohun tó kọ sínú lẹ́tà ẹ̀ ni pé naloxone kì í gba ẹ̀mí là ní tòótọ́, ó kàn ń sún un síwájú di ìgbà tí ẹni náà máa tún lò ó ní àlòjù. Ilé aṣòfin fi ìbò borí ẹ̀, òfin náà sì dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ kò kú. Mo ti gbọ́ ọ ní oríṣiríṣi ẹ̀yà lẹ́nu àwọn tí kò tilẹ̀ mọ ẹni tó ń jẹ́ LePage.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Oògùn wo ni kì í sún ikú síwájú? Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún, ọjọ́ kan ni wọ́n bá a sún. Ẹni tí wọ́n fún ní oògùn ibà, títí di ibà mìíràn ni, tàbí títí di ọjọ́ ogbó. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: àwáyé ìkú kò sí, ọ̀run nìkan ni àrèmabọ̀. Bí sísún síwájú kì í bá ṣe ìgbàlà, a jẹ́ pé kò sí ẹni tí dókítà kankan gbà là rí láyé yìí. Gbogbo ohun tí ẹ̀mí èèyàn jẹ́ kò ju àkókò tí a bá a sún síwájú lọ.

Ìyẹn ni ti ọgbọ́n orí. Ẹ jẹ́ ká wo òǹkà náà. Àwọn olùwádìí kan tẹ̀lé àwọn èèyàn 17,568 ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, tí wọ́n lo opioid ní àlòjù tí wọn ò kú, láàárín ọdún 2012 sí 2014. Láàárín oṣù méjìlá, 807 nínú wọn ló kú, látàrí ohun gbogbo. Iye yẹn ga, ó ń dunni. Ṣùgbọ́n kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó kù, tí wọ́n ju márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún kan. Ẹni tó bá ní "títí di ìgbà mìíràn" ni, kó sọ fún mi ìgbà wo nìyẹn fún àwọn wọ̀nyí. Ìwádìí kan náà tún fi hàn pé ikú dínkù gan-an láàárín àwọn tó rí methadone tàbí buprenorphine gbà, ìyẹn àwọn oògùn tó ń fún ara ní ìfọ̀kànbalẹ̀ kí ẹni náà lè jáwọ́. Kò tó ìdajì wọn tó rí wọn gbà. Nítorí náà, bí ẹni tá a gbé dìde lónìí bá tún ṣubú lọ́la, ó yẹ ká bi ara wa pé kí ló wà nílẹ̀ fún un láàárín òní àti ọ̀la.

Nígbà tí màmá mi wá kí wa lọ́hùn-ún, wọ́n rí naloxone nínú báàgì mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà tí mo fi ń cháàjì láptọ́ọ̀pù.

"Kí lèyí?"

"Oògùn ni, mà. Fún ẹni tó bá lo oògùn olóró ju bó ṣe yẹ lọ."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti ń lò ó ni?"

"Rárá o, mà. Torí ẹni tí mo bá ṣalábàápàdé ni."

Wọ́n mi orí. "Àfọwọ́fà lèyí tó ń ṣe wọ́n. Ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ fa nǹkan, ṣé ìwọ lo máa bá a tú u?"

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa n'Íbàdàn tá a jọ máa ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tó dàgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo tramadol kó lè ru bíríkì látàárọ̀ dalẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá a lórí ẹní, ara ẹ̀ ti tutù. Nígbà tí wọ́n ń sin ín, gbólóhùn tó ń ti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu kejì ni pé ó fọwọ́ ara ẹ̀ fà á. Kò sí ẹni tó parọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí ohun tí gbólóhùn náà ń ṣe: ó ń ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ti sọ ọ́ kò ní bi ara ẹ̀ mọ́ pé kí là bá ti ṣe.

Bí a bá fẹ́ dúró lórí àfọwọ́fà, ẹ jẹ́ ká dúró lórí ẹ̀ dọ́gba-dọ́gba. Bàbá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí dókítà ní kó yé jẹ iyọ̀, tó sì ń jẹ ẹ́, bó bá dákú, ta ló máa sọ pé ká fi í sílẹ̀? Ọlọ́kadà tí kò dé akoto, ṣé a kì í gbé e lọ sílé ìwòsàn? Ọ̀mùtí tó já sí kànga, ta ló ń dúró létí kànga bi í pé ìgò mélòó lo mu? Okùn là ń wá. Bóyá ìgbà tó bá jáde tán ni ọ̀rọ̀ á wá yí lẹ́nu wa. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: ìbéèrè ẹ̀bi ní àyè tiẹ̀, ṣùgbọ́n àyè náà wà lẹ́yìn ìgbà tí èèyàn bá ti ń mí.

Àti pé, ta ni gbogbo ìka tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí? Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ló ti ọwọ́ dókítà gba opioid àkọ́kọ́. OxyContin jáde ní ọdún 1996, wọ́n sì ń polówó ẹ̀ bíi pé kò fi bẹ́ẹ̀ lè di bárakú. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín, Purdue Pharma, jẹ́bi ọ̀ràn ní kóòtù ní ọdún 2020, lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ tó so mọ́ ọn ti kọ́kọ́ jẹ́bi ní 2007. Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹni tí fentanyl ń pa kò mọ̀ pé fentanyl lòun gbé mì. Hóró oògùn ayédèrú ni wọ́n rà, tí wọ́n ṣe kó jọ ojúlówó. Ẹni tí kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, báwo la ṣe máa ní ọwọ́ ẹ̀ nìkan ló fà á?

Àtakò kan wà tó le jù èyí lọ, mi ò sì fẹ́ fò ó dá. Àwọn kan ní bí èèyàn bá mọ̀ pé naloxone wà nítòsí, ẹ̀rù ò ní bà á mọ́, á máa lo oògùn láìbìkítà. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì, Jennifer Doleac àti Anita Mukherjee, gbé ìwádìí jáde tó tọ́ka síbẹ̀: wọ́n ní lẹ́yìn tí òfin sọ naloxone di ohun àrówọ́tó, ikú kò dínkù lápapọ̀, olè jíjà sì lé kún un. Ọ̀pọ̀ olùwádìí mìíràn ta ko ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Ìwádìí tó ti jáde ṣáájú nínú ìwé BMJ ní ọdún 2013, lórí àgbègbè 19 ní Massachusetts, rí i pé ikú dínkù níbi tí wọ́n ti kọ́ aráàlú tí wọ́n sì fún wọn ní naloxone.

Àtakò yìí yé mi dáadáa torí iṣẹ́ mi. Ní ibi iṣẹ́ wa, a máa ń pín ọ̀sẹ̀ tí kálukú máa fi ṣọ́ server. Bí server bá ṣubú ní aago méjì òru, ẹnikẹ́ni ò ní béèrè ẹni tó kọ kóòdù burúkú. A ó kọ́kọ́ gbé e dìde. Ọjọ́ kejì la ó wá jókòó wádìí, ohun tó fà á la sì ń wá, a kì í wá ẹni tá a máa dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ewu wà nínú kéèyàn kàn máa tan nǹkan padà ṣáá. Bí server bá ń kú tí a sì ń tàn án padà lójoojúmọ́, a lè fi bẹ́ẹ̀ bo àìsàn tó wà nínú ẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Nígbà mìíràn, àgbà inú wa á ní ká fi í sílẹ̀ kó ṣubú pátápátá, ká lè rí ìdí ẹ̀.

A lè sọ bẹ́ẹ̀ fún server torí pé server ní backup. Bí èyí bá bàjẹ́, a ó gbé òmíràn kalẹ̀ láàárọ̀, gbogbo ohun tó mọ̀ ni tuntun náà á mọ̀. Èèyàn ò ní backup. Yorùbá gbà pé bàbá lè tún ayé wá, ṣùgbọ́n Babátúndé tó dé kò ní jókòó parí ẹjọ́ tí bàbá ń bá ìyàwó ẹ̀ rò. Ẹni tó lọ ti lọ. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ tí ikú bá kọ́ni, kì í ṣe ẹni tó kú ló kọ́. Ẹlòmíràn là ń fi ikú ẹ̀ kọ́, láì bi òun léèrè bóyá ó gbà. Kódà bí ìwádìí ọdún 2018 yẹn bá tọ̀nà láti òkè délẹ̀, ohun tó máa sọ fún wa ni pé ká wá ìtọ́jú kún naloxone. Kò lè sọ pé kí n fọwọ́ lẹ́rán wo ẹni tó wà níwájú mi yìí kó kú, kí ẹ̀rù lè ba ẹni tí mi ò mọ̀ ní ìlú mìíràn.

Àti pé ẹni tó bá rò pé naloxone ń mú oògùn dùn lẹ́nu kò tíì rí ẹni tó jí látinú ẹ̀. Kì í jí bí ẹni tó sùn. Ara á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, á máa bì, gbogbo egungun á máa ro ó, torí wọ́n já opioid gbà lára ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òmíràn á bú ẹni tó gbà á là. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òótọ́ ni, ó máa ń dunni. Ṣùgbọ́n níbí yìí, oore náà á ní láti kọ́ bó ṣe máa dúró láìrí ọpẹ́. Mo rò pé ibẹ̀ la ti ń mọ̀ bóyá torí ẹni náà la ṣe ṣe é, àbí torí kí wọ́n lè yìn wá.

Nǹkan kan wà nínú naloxone tó ń yà mí lẹ́nu ju bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Ẹni tó nílò ẹ̀ ò lè fi fún ara ẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ojú ẹ̀, ó ti dákú. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara ẹ̀. O lè ní mẹ́wàá nínú àpò, bí o bá dá nìkan wà nínú ilé ìwẹ̀ tí o ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ò wúlò. Ẹnì kejì ni oògùn náà nílò. Jack Fishman tó wà lára àwọn tó ṣẹ̀dá ẹ̀, ọmọ ìyàwó ẹ̀ kú látàrí àlòjù heroin ní ọdún 2003. Ìmọ̀ wà nínú ẹbí náà, àfi kí ẹnì kan wà níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn.

Kí ló wá ń jẹ́ káwọn èèyàn dá nìkan wà? Ìtìjú ni. A máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga pé ikú yá ju ẹ̀sín. Akọni tó sọ ọ́ lójú ogun mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá gbé òwe yẹn kalẹ̀ níwájú ọmọ ọdún méjìlélógún tí oògùn ti di bárakú fún, ohun tó ń gbọ́ ni pé kó lọ kú níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Maryland náà wà níbẹ̀, ti ṣe òfin tó ń dáàbò bo ẹni tó bá pe 911 nítorí ẹni tó lo oògùn ní àlòjù, kí wọ́n má baà mú un torí ìwọ̀nba oògùn tí wọ́n bá lọ́wọ́ ẹ̀. Ìtìjú ilé ò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Àwa fúnra wa la máa ṣe é, nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí Nàìjíríà o. Ìwádìí tí àjọ UNODC àti iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba gbé jáde ní ọdún 2019 sọ pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 4.6 ló lo opioid láàárín ọdún kan láìjẹ́ pé ìtọ́jú ló mú un wá. Ìjọba fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ oní-codeine àti kíkó o wọlé ní oṣù karùn-ún ọdún 2018. Ìdè yẹn ò gbé ẹni tó ti dákú dìde. Bí ẹnì kan bá ṣubú ládùúgbò, omi la máa ń dà lé e lórí, a ó da epo pupa tàbí wàrà sí i lẹ́nu. Ìfẹ́ ló wà nídìí ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a dà sẹ́nu ẹni tó dákú lè gba ọ̀nà ọ̀fun bọ́ sí ẹ̀dọ̀fóró, kó fún un pa. Naloxone náà ò ṣe ohun gbogbo: kò ran ọtí, kò ran Rohypnol tàbí colorado, agbára ẹ̀ lórí tramadol ò pé tó ti heroin, tramadol sì lè fa gìrì. Ilé ìwòsàn la gbọ́dọ̀ gbé ẹni náà lọ. Àmọ́ láti ọdún 2014 ni àjọ ìlera àgbáyé WHO ti dá a lámọ̀ràn pé kí naloxone wà ní àrọ́wọ́tó ẹnikẹ́ni tó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀ bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Ta ló sún mọ́ ọn ju àwọn ọ̀rẹ́ inú họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ, tàbí àwọn ọmọ gáréèjì, tàbí obìnrin tó ń ta oògùn ní ìsọ̀ kékeré ẹ̀gbẹ́ títì?

Mi ò tíì lo tèmi rí, mo sì ń gbàdúrà kí n má lò ó. Ṣùgbọ́n bó bá kàn mí, mo ti mọ̀ pé n kò ní kọ́kọ́ wádìí ọmọ ẹni tó jẹ́, ohun tó mu, tàbí ìgbà mélòó tó ti mu ún. Òwe wa kan ní ọmọ burúkú lọ́jọ́ tiẹ̀, pé ó lè wúlò lọ́jọ́ kan. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, ṣùgbọ́n èmi ò nílò pé kó wúlò. Ó tó pé ó lè mí.

Bí ó bá tún padà síbẹ̀ ńkọ́? Ẹ tún lọ bá a níbẹ̀.